Oògùn Amúṣantóbi àti Ọmọ Inú Oyún: Ìtàn Ìlà-Oòrùn Jámánì

Oògùn amúṣantóbi ni àwọn oògùn tí a ṣe ní àfijọ testosterone, èyí tíí ṣe họ́mọ́ònù tí ó ń mú kí ohùn ọmọkùnrin ki, tí ó ń hu irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n, tí ó sì ń mú iṣan ara rẹ̀ le bí ó ti ń bàlágà. Ara obìnrin pàápàá ní họ́mọ́ònù yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Bí a bá fún obìnrin ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i. Bí ó bá sì wà nínú oyún, ewu rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ òun nìkan mọ́. Lára ibi tí ìtàn ti fi èyí hàn jù lọ ni Ìlà-Oòrùn Jámánì, orílẹ̀-èdè tí ó wà láti 1949 títí di 1990.

Ní 1935 ni Adolf Butenandt àti Leopold Ruzicka, tí olúkúlùkù ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, rí ọ̀nà láti ṣe testosterone. Kò pé ọdún 25 lẹ́yìn náà tí ewu rẹ̀ fún oyún fi hàn sójútáyé. Ní 1958, Lawson Wilkins, dókítà àwọn ọmọdé ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, kọ nípa àwọn ọmọbìnrin tí a bí tí ojú ara wọn jọ ti ọkùnrin. Àwọn ìyá wọn ti lo oògùn họ́mọ́ònù kan tí a fún wọn kí oyún wọn má baà bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé họ́mọ́ònù tí ìyá gbé mì lè dé ara ọmọ inú rẹ̀.

Ní 1974, ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì fi àṣẹ sí ètò ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n pè ní State Plan 14.25. Oògùn tí wọ́n gbára lé jù ni Oral-Turinabol, tí ilé-iṣẹ́ Jenapharm ń ṣe ní ìlú Jena. A fojú bù ú pé àwọn eléré ìdárayá bíi 10,000 ni wọ́n fún ní irú oògùn wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà, tí olùkọ́ wọn sọ fún pé fítámì ni. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Montreal ní 1976, àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè náà gba wúrà 11 nínú 13 tí ó wà fún ìwẹ̀ odò àwọn obìnrin.

Ibi ọmọ ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ láti ara ìyá. Ó tún ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ó lè yí testosterone tí ó ti ara ìyá wá padà di họ́mọ́ònù obìnrin kí ó tó dé ara ọmọ. Ṣùgbọ́n Oral-Turinabol wà lára àwọn oògùn tí a ṣe lọ́nà tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò fi lè bá wọn. Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ náà kò rí wọn mú. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀yà ara ọmọ ń gba ìrísí rẹ̀, ni ewu wọn pọ̀ jù lọ fún ojú ara ọmọbìnrin.

Ẹnìkan lè rò pé oògùn tí ó mú iṣan ìyá le yóò mú ti ọmọ náà le. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oyún ni a ti ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iye fọ́nrán iṣan tí ènìyàn yóò lò láyé. Lẹ́yìn ìbí, ńṣe ni wọ́n ń nípọn tí wọ́n sì ń gùn sí i. Ọmọ tí kò bá dàgbà tó nínú oyún kì í sì ní iṣan tó bí ó ti yẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àgùntàn tí ó lóyún ní testosterone, àwọn ọmọ tí wọ́n bí kéré ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tí ó ń sọ àgbà di alágbára lè sọ ọmọ inú di aláìlágbára.

Lẹ́yìn tí Jámánì di ọ̀kan ní 1990, Brigitte Berendonk, tí ó ti jẹ́ eléré ìdárayá rí, àti ọkọ rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Werner Franke, tú àwọn ìwé àṣírí ètò náà síta. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kan ní Berlin dá Manfred Ewald, olórí eré ìdárayá, àti dókítà Manfred Höppner lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ eléré obìnrin 142. Ẹ̀wọ̀n oṣù 22 àti oṣù 18 ni a dá fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lọ sí ẹ̀wọ̀n, nítorí a so ìdájọ́ náà rọ̀. Lára àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn kan sọ nípa oyún tí ó bàjẹ́, àwọn mìíràn sì sọ nípa ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó wọ́ tàbí ojú tí kò ríran. Dókítà kò lè tọ́ka sí ọmọ kan ṣoṣo kí ó ní oògùn nìkan ni ó fa àbùkù rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lo oògùn rí. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé wọn kò sọ òtítọ́ fún àwọn ìyá náà, wọn kò sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn.

Ní 2002, ilé aṣòfin Jámánì ya mílíọ̀nù 2 owó Yúróò sọ́tọ̀ láti ran àwọn tí ètò náà pa lára lọ́wọ́. Òfin náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn eléré ìdárayá nìkan: ó ka ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ nítorí oògùn tí a fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú oyún mọ́ wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin gbà pé ẹni tí a kò tíì bí pàápàá lè jẹ ìyà ìfẹ́ àmì-ẹ̀yẹ tí ìjọba kan ní.