Káàdì agbábọ́ọ̀lù: ta ló ni àwòrán tó wà lójú rẹ̀?

Káàdì eléré ìdárayá ni bébà kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán eléré kan sí. Òmíràn ní góòmù lẹ́yìn, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tí àwọn elédè Faransé ń pè ní album. Ilé-iṣẹ́ Panini, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Modena, ní Ítálì, ní ọdún 1961, ló lókìkí jù nínú rẹ̀. Ti Mẹ́síkò 1970 ni ìwé Ife Àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọdé ń kó o jọ, àgbà náà ń kó o jọ, àwọn kan sì ń tà á lówó gọbọi.

Àwòrán kan, oní mẹ́rin

Ẹni tó ya fọ́tò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Eléré ní tirẹ̀, torí ojú rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ tàbí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ló ni àmì tó wà lára ẹ̀wù. Àwọn tó ṣètò ìdíje ló ni orúkọ ìdíje. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ tẹ káàdì ní láti gba ìyọ̀ǹda, ìyẹn licence, lọ́wọ́ wọn, kó sì sanwó. Bí ẹnì kan bá kọ̀, nǹkan á kù lára káàdì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024

Nígbà ìdíje Euro 2024, Topps ló gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ UEFA. Ṣùgbọ́n Panini ti bá àwọn àjọ kan ṣe àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀, bíi ti Jámánì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Nítorí náà, Topps kò lè fi ẹ̀wù gidi wọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀. Ayédèrú kọ́ o, ìyọ̀ǹda ni kò pé.

Ẹ̀kọ́ láti Kánádà

Níbẹ̀, họ́kì orí yìnyín ni wọ́n fẹ́ràn. Ìyọ̀ǹda méjì ni wọ́n ń gbà: ti líìgì NHL, àti ti ẹgbẹ́ àwọn eléré. Láti 2004, Upper Deck nìkan ló ní in. Ní 2010, Panini wọlé. Ní 2014, ó tún ku Upper Deck nìkan. Sidney Crosby bẹ̀rẹ̀ ní NHL ní 2005, nígbà tí ilẹ̀kùn tì. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù NHL, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa rí i. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń dá tà, òun náà ló ń dá iye lé e.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Béníì kò tíì dé Ife Àgbáyé rí, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní ojú-ewé nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀nà ẹgbẹ́ òkèèrè ni àwọn ọmọ wa ń gbà dé inú káàdì. Nígbà tí Stéphane Sessègnon wà ní Paris Saint-Germain, láti 2008 dé 2011, ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́ yẹn ló lè gbé e débẹ̀, kì í ṣe ti Béníì.

Bí ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ bá fẹ́ tẹ káàdì ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀, kó má kàn gé fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ní òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán láti 2006, BUBEDRA ló sì ń bójú tó o. Kó tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ayàfọ́tò, ẹgbẹ́ àti eléré, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ló máa fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó ná owó yín

Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì wò: orúkọ ilé-iṣẹ́ dà? Ọdún dà? Àmì ìyọ̀ǹda dà? Àìsí àmì ẹgbẹ́ nìkan kò sọ káàdì di ayédèrú, ṣùgbọ́n ó lè dín iye rẹ̀ kù. Àmì ẹgbẹ́ ńlá láìsí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ máa fura sí. Bí ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ bá sì ti parí, káàdì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín kò bàjẹ́. Tiyín ni, ẹ lè tọ́jú u, ẹ sì lè tà á.