Gírámà, Ìdánwò àti Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 10 máa ń jókòó fún ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì tí wọ́n ń pè ní gaokao. Nínú ìwé ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, apá kan wà tí wọ́n ti máa ń tẹ àyọkà kúkúrú kan, tí wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ 10 kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi àlàfo rọ́pò wọn. Níbi àlàfo mìíràn, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan síbẹ̀ ní ìrísí rẹ̀ tí kò tíì yí padà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mọ̀ bóyá go ni yóò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí yóò sọ ọ́ di goes, tàbí went, tàbí gone. Máàkì kan ààbọ̀ ni àlàfo kọ̀ọ̀kan nínú 150. Ó kéré lójú, àmọ́ ní agbègbè tí èrò pọ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló lè wà lórí máàkì kan ṣoṣo. Ẹni tó gbàgbé lẹ́tà s kan lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ọmọ Yorùbá tó ti jókòó sí kíláàsì gírámà rí yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ Ṣáínà lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ṣáínà kì í yí padà. Qù ni wọ́n ń pe "lọ", qù náà ni lánàá, qù náà ni lónìí àti lọ́la. Wúnrẹ̀n kéékèèké ló ń dúró ti ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tàbí ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀: Yorùbá ní ti, ń àti yóò, Ṣáínà ní le, zài àti huì. Ìwé kan, ìwé mẹ́ta: ọ̀rọ̀-orúkọ kò yẹ̀ nípò rẹ̀ nínú èdè méjèèjì. Tā ni ará Ṣáínà ń pe ọkùnrin lẹ́nu, tā náà ni ó ń pe obìnrin, bí Yorùbá ṣe ń fi ó kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fa ìlà pupa sábẹ́ he níbi tó yẹ kí she wà, kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Èdè ìyá rẹ̀ ni kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Báwo wá ni gírámà èdè tó jìnnà tó báyìí ṣe di ohun tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ẹni lórí ìwọ̀n? Ìfẹ́ kọ́ ló gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ Ṣáínà. Ogun ni. Nínú àdéhùn Tianjin tí ìjọba Qing bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1858, wọ́n kọ ọ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì yóò máa fi kọ̀wé sí ìjọba Ṣáínà, àti pé bí àríyànjiyàn bá dé lórí ohun tí àdéhùn wí, ti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lékè. Ìjọba tí kò ní ẹni tó lè ka ìwé ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ ti wọ gàù. Ní ọdún 1862 ni wọ́n dá Tongwen Guan sílẹ̀ ní Beijing láti kọ́ àwọn ògbufọ̀. Ọmọkùnrin 10 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti inú àwọn ìdílé tó wà lábẹ́ Àsíá Manchu. Míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Burdon, ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní 1859, ni wọ́n ṣí CMS Grammar School ní Èkó, níbi tí orúkọ náà "ilé-ẹ̀kọ́ gírámà" ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu Yorùbá títí di òní. Ìgbà kan náà ni, àmọ́ ohun tó bí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ìjọ ló dá ti Èkó sílẹ̀, àwọn òbí sì rí ọ̀nà iṣẹ́ àti ipò níbẹ̀. Ní Beijing, àwọn ìdílé ọlọ́lá kò fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ. Ìdánwò ìwé Confucius ni ọ̀nà ọlá tí wọ́n mọ̀, ẹni tó bá sì lọ kọ́ èdè àwọn àlejò dà bí ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà. Ní 1867, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ kún iṣẹ́ Tongwen Guan, ìjòyè àgbà kan, Woren, takò ó gbangba. Ohun tó sọ ni pé ìwà ọmọlúàbí ló gbé ìlú ró, kì í ṣe ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́, àti pé ìtìjú ni kí ẹni tó jẹ ìlú níyà wá di olùkọ́ ìlú. Ó rọrùn láti fi Woren ṣẹ̀sín lónìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kú. Yóò tún jí dìde ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu ẹni tó kéré sí i púpọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kíkà ti gba iwájú lọ́wọ́ sísọ. Ìwé ni ìjọba fẹ́ kí wọ́n kà: ìwé òfin, ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé ìbọn. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Commercial Press ní Shanghai, tí kò tíì ju ọdún kan lọ, tẹ ìwé àkọ́kà Gẹ̀ẹ́sì kan jáde tí ó tà wàràwàrà. Ìwé tí wọ́n ti ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Íńdíà ni, tí wọ́n wá fi àlàyé èdè Ṣáínà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Shanghai ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ìwé tí òyìnbó ṣe fún ọmọ Íńdíà! Ní ọdún 1898 yìí kan náà ni Ma Jianzhong tẹ Mashi Wentong jáde, ìwé gírámà èdè Ṣáínà àkọ́kọ́ tí ọmọ Ṣáínà fúnra rẹ̀ kọ ní ìlànà gírámà Látìnì. Ní 1904, Yan Fu, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ní Greenwich, fi èdè Ṣáínà àtijọ́ kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Lójú irú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, gírámà kì í ṣe ìyà fún ọmọdé. Ohun tí ń fi bí èrò ẹlòmíràn ṣe tò hàn ni.

Nígbà tí ìjọba fagi lé ìdánwò Confucius ní 1905, ìdánwò nìkan ló lọ. Ìwà ìdánwò kò lọ. Kíkọ́ ìwé sórí, kíkà á títí yóò fi mọ́ni lára, gbígbàgbọ́ pé ìwé kan ṣoṣo lè yí ìran ẹni padà: gbogbo rẹ̀ ló ṣí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun.

Kódà èdè Ṣáínà fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú agbára gírámà àjèjì yìí. Nítorí he àti she tó ń fìtínà àwọn atúmọ̀ èdè, àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì ọ̀tọ̀ fún obìnrin. Ní ọdún 1920 ni Liu Bannong gbèjà àmì tuntun náà nínú àròkọ kan: tā tó ní àmì "obìnrin" lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan bínú sí i, síbẹ̀ ó dúró. Ìró kan ṣoṣo ni lẹ́nu títí di òní, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó ti di méjì.

Ní 1928, Lin Yutang bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àkọ́kà Kaiming fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, Feng Zikai sì ya àwòrán sí i. Owó tó rí níbẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọba ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé gírámà tó tún kọ, nínú èyí tí kò ti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Orí ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ ló ti bẹ̀rẹ̀: bí mo bá fẹ́ ṣiyèméjì ńkọ́, bí mo bá fẹ́ pàṣẹ ńkọ́, báwo ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́? Ká ní ọ̀nà yìí ló borí ni, ìtàn ìyókù ìbá yàtọ̀.

Lẹ́yìn 1949, èdè Rọ́ṣíà gba ipò iwájú. Ní 1954 ìjọba yọ èdè àjèjì kúrò pátápátá ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, Rọ́ṣíà sì ni àwọn kíláàsì òkè ń kọ́ ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì di olùkọ́ Rọ́ṣíà lójijì. Nígbà tí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà wá jà ní àwọn ọdún 1960, wọ́n tún ní kí wọ́n padà. Olùkọ́ ló ń yí bí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àsìkò Ìyípadà Àṣà dé ní 1966, wọ́n sì dá ìdánwò àṣewọlé dúró. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn gbólóhùn ìyìn Mao ló kún inú ìwé. Ìgbà yìí ni ìbéèrè Woren tún jí. Ní oṣù keje ọdún 1973, ní ìletò kan ní agbègbè Henan, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan kò lè dáhùn ìbéèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Dípò ìdáhùn, ó kọ ẹsẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà: pé ọmọ Ṣáínà ni òun, kí wá ni òun fẹ́ fi èdè àjèjì ṣe, àti pé àìmọ A B C D kò ní kí òun má lè jogún iṣẹ́ ìyípadà. Olùkọ́ rẹ̀ bá a wí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà rì sómi, ó kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, Jiang Qing, aya Mao, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọ̀ràn gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n sọ olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn ikú Mao ni wọ́n tó wẹ̀ wọ́n mọ́. Káàkiri ilẹ̀ náà, olùkọ́ tó bá fi dandan lé gírámà mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ohun tó ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹni tó bi ọmọ náà pé kí ni ìwé náà ṣòro fún un sí. Ọmọ oko ni. Ó lè má rí ẹnì kan tó ń sọ èdè yẹn títí ayé rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lẹ́bi, wọ́n sì tún fi òkú rẹ̀ jà.

Ìdánwò àṣewọlé padà ní oṣù kejìlá ọdún 1977. Àwọn tó jókòó fún un tó mílíọ̀nù 5.7; àwọn tó wọlé kò ju nǹkan bí 270,000 lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò tíì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, nítorí ta ni yóò yege? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà: ìdá 10 nínú 100 máàkì rẹ̀ ni wọ́n kà ní 1979, ìdá 30 ní 1980, ìdá 50 ní 1981, ìdá 70 ní 1982, gbogbo rẹ̀ ní 1983. Láàárín ọdún mélòó kan, ohun tí ọmọ kan lè kú lé lórí nítorí pé kò mọ̀ ọ́n di ohun tí kò lè wọ yunifásítì láìmọ̀. Àwọn tó ti lo ìgbà èwe wọn lóko bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé gírámà Zhang Daozhen àti ti Bo Bing lójú àtùpà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba gbé ètò BBC náà, Follow Me, jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ̀gbà yí àpótí kan ká láti gbọ́ bí òyìnbó ṣe ń kíni.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í gbọ́ ìkíni. Láti 1985, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì olóríṣi ìdáhùn mẹ́rin wò ní Guangdong, A, B, C, D padà wá ní ìrísí mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti la ẹnu. Àkàyé ló kó máàkì tó pọ̀ jù: kí ó ka àyọkà, kí ó wá ibi tí ìdáhùn sá pamọ́ sí, kí ó yan ọ̀kan. Àtòkọ tó tó 3,500 ọ̀rọ̀ wà fún un láti há sórí. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ló sọ èso rẹ̀ lórúkọ: Gẹ̀ẹ́sì odi. Ẹni tó lè tú gbólóhùn onílà mẹ́rin palẹ̀ bí ẹni tú àdìrẹ, tí àlejò bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì, tí ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Àwọn tó ń ṣe ìwé kò ṣàìmọ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ní àwọn ọdún 1990 kún fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀: Li Lei, Han Meimei, Jim Green ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy àti Lily ìbejì ọmọ Amẹ́ríkà, àti ayékòótọ́ kan tí ń jẹ́ Polly. Àwọn tó lo ìwé náà ti dàgbà, wọ́n sì ṣì ń bi ara wọn léèrè bóyá Li Lei fẹ́ Han Meimei. Ìyẹn ni wọ́n rántí. Bí wọ́n ṣe ń ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ní kíláàsì yàtọ̀: olùkọ́ á kọ òfin inú rẹ̀ sí pátákó, ọmọ 50 tàbí 60 á dà á kọ.

Ní 2001, ìjọba pàṣẹ pé kí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìlú ńlá rí olùkọ́ àdáni. Ọmọ abúlé rí ìwé. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba fòfin de ẹ̀kọ́ àdáni alérè lórí Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn iṣẹ́ pàtàkì yòókù fún àwọn ọmọ tí kò tíì dé kíláàsì òkè, Shanghai sì yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdánwò ìparí sáà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gaokao kò yí padà nítorí rẹ̀. Máàkì 150 náà ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tuntun kan ni Zhejiang mú wọ ìdánwò náà ní 2016, tí àwọn agbègbè mìíràn sì ti gbà: wọ́n á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn tí kò parí, yóò sì fi ìpínrọ̀ méjì parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Máàkì 25 ni. Ó dà bí ẹni pé Lin Yutang ti padà dé, tí wọ́n ń bi ọmọ léèrè ohun tí òun náà fẹ́ sọ. Kò pẹ́ tí ìwé ìdárayá fi dé ọjà, tó ní àwọn gbólóhùn àkọ́sórí nínú fún ẹni tó ń sunkún, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, àti ẹni tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́.