Orúkọ Tí Kò Ṣí àti Iye Tí Kò Yí

Ẹni tí ó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà a máa sọ nígbà mìíràn pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ yí padà. Kí ni nǹkan náà? Ṣé orúkọ ni, àbí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ọmọ tí ó bá ti jẹ́ Àjàyí, Àjàyí náà ni títí di ọjọ́ alẹ́; síbẹ̀ yóò dàgbà, yóò hu irùngbọ̀n, yóò sì hewú. Ṣùgbọ́n 4 kò lè di 5, orúkọ yòówù kí a sọ ọ́.

Àfi nínú Fortran. Èdè yìí ni ẹgbẹ́ John Backus ṣe ní ilé iṣẹ́ IBM ní 1957. Nígbà tí FORTRAN II dé ní 1958, ètò ńlá lè pe ètò kékeré láti bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àyè tí iye wà nínú ẹ̀rọ ni a ń fi hàn án, kì í ṣe iye náà gan-an. Bí a bá fi 4 ránṣẹ́, tí ètò kékeré sì fi 1 kún ohun tí ó bá níbẹ̀, ẹ̀rọ lè máa ka 5 níbi tí a bá tún kọ 4 sí lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé ètò lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní í rí àṣìṣe. 4 ni ojú rẹ̀ ń rí.

Niklaus Wirth fi òpin sí irú èyí nínú Pascal ní 1970, ṣùgbọ́n kìkì nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ lásán ni ó fún ní orúkọ tí kò ṣí.

Ní 1981, ní Bell Labs, Bjarne Stroustrup dábàá òfin kan tí ó pè ní readonly. Const ni a wá sọ ọ́ dà, C sì gbà á sínú ìlànà rẹ̀ ní 1989. Ó dà bí ẹni pé orúkọ àkọ́kọ́ ni ó sọ òtítọ́ jù: ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé lè wò, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ṣì lè tún ilé tò.

JavaScript náà gba const sínú ìlànà rẹ̀ ní 2015. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi í so orúkọ mọ́ àkójọ máàkì lè rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn. Orúkọ nìkan ni ó tì. 40 ṣì lè di 70 nínú àkójọ náà. Object.freeze, tí ó ti wà láti 2009, ni yóò dá ìyẹn dúró, bí àkójọ mìíràn bá sì wà nínú ti àkọ́kọ́, ó di dandan kí a tún lò ó fún ìyẹn náà.