Fíìmù A Touch of Zen ti King Hu: Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì dé Orí Blu-ray

A Touch of Zen, tí King Hu darí ní Taiwan, jáde ní sinimá ibẹ̀ ní apá méjì lọ́dún 1970 àti 1971. Fíìmù wuxia ni, ìyẹn eré àwọn akọni onídà ayé àtijọ́ ní Ṣáínà, bóyá ni òmíràn sì wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sinimá ń yìn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn èèyàn ń rí nílé kò tó ohun tí King Hu yà.

Beijing ni wọ́n ti bí King Hu lọ́dún 1932. Lẹ́yìn tó ṣe Come Drink with Me fún ilé-iṣẹ́ Shaw Brothers ní Hong Kong lọ́dún 1966, ó kọjá sí Taiwan, níbi tó ti ṣe Dragon Inn lọ́dún 1967. Dragon Inn pa owó rẹpẹtẹ, ìyẹn ló sì fún un láyè láti fara balẹ̀ ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, A Touch of Zen. Inú ìtàn kan tí Pu Songling, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà, kọ ló ti mú un. Ọ̀mọ̀wé tálákà kan, Gu, tó ń fi àwòrán yíyà jẹun, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́bàá odi ológun tó ti di ahoro. Omidan kan, Yang, wá forí pamọ́ síbẹ̀. Àṣé ọmọ ìjòyè tí àwọn ìwẹ̀fà ààfin pa ni, wọ́n sì ń wá òun náà láti pa. Ó tó nǹkan bí wákàtí kan kí idà tó kọlu idà. Ìfarabalẹ̀ yìí kò tẹ́ àwọn tó náwó sí eré náà lọ́rùn, wọ́n gé e kúrú fún Hong Kong. Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ tó gùn tó wákàtí mẹ́ta dé àjọ̀dún Cannes ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1975, tó sì gba ẹ̀bùn fún ìmọ̀-ẹ̀rọ sinimá, ni ayé tó mọ iyì rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé, Nàìjíríà pẹ̀lú, fi mọ fíìmù ìjà ilẹ̀ Ṣáínà. Kásẹ́ẹ̀tì kò sì lè gba irú àwòrán tí King Hu ń yà. Fífẹ̀ àwòrán rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ, 2.35 sí 1, nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà jẹ́ 1.33 sí 1. Kí àwòrán lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, àṣà àwọn tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì ni láti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù; nínú irú àwòrán yìí, ohun tí wọ́n ń gé lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún. Lọ́wọ́ olùdarí mìíràn, àdánù náà lè ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n King Hu a máa fi ọ̀tá sí etí kan, a fi ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ sí etí kejì, kí òfìfo àárín wọn máa bani lẹ́rù. Bí etí kan bá lọ, ìjà náà kò nítumọ̀ mọ́. Òkùnkùn tún jẹ́ ìṣòro: aláǹtakùn tó ń ta okùn lóru ló ṣí fíìmù náà, púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀ lé e sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ahoro lálẹ́. Lórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, dúdú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́.

DVD, tó tàn kálẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1990, lè gba gbogbo fífẹ̀ àwòrán, pẹ̀lú ọ̀já dúdú lókè àti nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo kò lè dára ju fíìmù tí wọ́n dà sórí rẹ̀ lọ, nẹ́gátíìfù gan-an sì ni ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú.

Ọdún 2014 ni iṣẹ́ àtúnṣe náà wáyé. Iléeṣẹ́ ìtọ́jú fíìmù ní Taiwan gbé nẹ́gátíìfù náà fún L'Immagine Ritrovata ní Bologna, ní Ítálì, wọ́n sì tún un ṣe ní 4K. Hsu Feng, tó ṣe Yang nínú eré náà, ló fi owó ara rẹ̀ ṣètìlẹ́yìn. Oore ńlá nìyẹn, nítorí King Hu ti kú láti ọdún 1997. Cannes tún fi fíìmù náà hàn lọ́dún 2015, lẹ́yìn ogójì ọdún. Lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ Masters of Cinema gbé e jáde lórí Blu-ray ní Bìrìtìkó, ilé-iṣẹ́ Criterion sì gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Ìlà 1,080 tó wà nínú àwòrán Blu-ray, dípò 480 ti DVD Amẹ́ríkà, hàn gbangba nínú ìjà igbó ọparun. Han Yingjie, tó ti inú eré opera Beijing wá, ló ṣètò ìjà náà. Yang fi ara ọ̀gágun Shi, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, ṣe àtẹ̀gùn, ó fò sókè láàárín ọparun, ó sì já ṣòòròṣò wálẹ̀ lórí ọ̀tá tòun ti idà. King Hu gé ìran náà wẹ́wẹ́ débi pé àwòrán mìíràn kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ rí i kedere lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín ewé, tí kásẹ́ẹ̀tì ti sọ di funfun lásán, padà di àwọ̀ ewé àti ti oòrùn. Bákan náà ni ti ìparí eré: nígbà tí wọ́n gún Hui Yuan, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ wúrà ló ń ṣàn lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá dá àwọ̀ náà mọ̀ ti pàdánù ohun tí eré náà ń sọ nípa àlùfáà náà.

Àwo Criterion tún ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú Hsu Feng, Shih Chun tó ṣe Gu, àti olùdarí Ang Lee, ẹni tí ìjà orí ọparun inú Crouching Tiger, Hidden Dragon rẹ̀ ti ọdún 2000 jẹ gbèsè fún King Hu. Ọ̀nà kan náà ni Dragon Inn gbà: wọ́n tún un ṣe ní 4K, ó sì jáde lórí Blu-ray ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà. Legend of the Mountain àti Raining in the Mountain, méjèèjì ti ọdún 1979, náà ti wà lórí Blu-ray báyìí.