Idì, Ẹṣin àti Òdòdó: Ohun tí Àmì Orílẹ̀-Èdè Ń Wí fún Onígbàgbọ́

Bí a bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Ìjerò, ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tàbí tí a mú ìwé ìrìnnà wa lọ́wọ́, àwòrán kan yóò pàdé ojú wa: idì pupa kan lórí asà dúdú, tí ẹṣin funfun méjì gbé asà náà ró. Ojú wa ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ ń béèrè. Wọ́n ní: nígbà tí Òfin Ọlọ́run kọ ère fífín fún wa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Krísítẹ́nì máa bọlá fún àsíá, ẹyẹ àti ẹranko? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìmọ̀.

Ìtumọ̀ àmì àṣẹ Nàìjíríà

Ọdún 1960, tí a gba òmìnira, ni orílẹ̀-èdè wa tẹ́wọ́ gba àmì yìí. Idì dúró fún agbára. Ẹṣin méjèèjì dúró fún iyì. Asà dúdú ni ilẹ̀ ọlọ́ràá tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Ìlà funfun tó pàdé láàárín asà ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, tí wọ́n para pọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Àwa ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò nílò ìrìn àjò jíjìn láti lóye àwòrán yìí. Ní Ìkógósì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ.

Òdòdó tó wà nísàlẹ̀ ni Costus spectabilis, ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa. Ewé rẹ̀ a máa tẹ́ sílẹ̀, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè a sì yọ láàárín ewé náà, ní ìfarakanra pẹ̀lú erùpẹ̀. Ó dára kí a kíyè sí i pé lábẹ́ ẹyẹ tó ń fò lókè, òdòdó onírẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti 1978 ni: Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́, Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Kì í ṣe àwa nìkan. Ghana, tó gba òmìnira ní 1957, yan idì méjì àti ìràwọ̀ dúdú. Ẹkùn méjì ló gbé asà orílẹ̀-èdè Benin ró, kìnnìún méjì tó di ọrun àti ọfà mú ni ti Togo. Kìnnìún àti igi osè ni ti Senegal, erin sì ni ti Côte d'Ivoire, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara eyín erin. Ewé igi kan ni Kánádà fi sí àsíá rẹ̀ láti 1965. Igi kédárì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì ló wà láàárín àsíá Lẹ́bánónì. Amẹ́ríkà ti gbé idì sórí èdìdì rẹ̀ láti 1782, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù Kejìlá 2024 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà.

Orílẹ̀-èdè a tilẹ̀ máa pa àmì dà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin tẹ́lẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi ẹranko kan tó jọ ẹkùn, tó yára ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ lọ, rọ́pò rẹ̀. Ọmọ aráyé kì í fẹ́ kí a fi ohun kékeré pe òun. Agbára ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá nígbà tí wọ́n bá ń yan àmì.

Ní ilẹ̀ tiwa

Kí àwọn Òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi àwòrán sọ̀rọ̀. Ẹyẹ wà lórí adé ọba Yorùbá. Nínú òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ẹyẹ bà sórí adé ọba tó jókòó. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Agbọnbíòfẹ́ Adéṣínà, tó kú ní 1945, gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè, ẹlẹ́ṣin àti ìyá ọlọ́mọ sì wà lára wọn. Ẹṣin kò pọ̀ nínú igbó wa rárá, nítorí àìsàn tí eṣinṣin ń fà máa ń pa á. Nítorí náà, iyì àti àṣẹ ni ẹlẹ́ṣin jẹ́ lójú ẹni tó bá wo òpó náà.

Láìpẹ́ yìí, nígbà tí ìjínigbé àti ìpànìyàn pọ̀ lójú ọ̀nà àti nínú oko, gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, ti Èkìtì pẹ̀lú wọn, tún yan ẹranko. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní 2020 ni wọ́n ṣí ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko mọ́ mọ ìdí tí orúkọ ẹranko alágbára fi tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ẹranko tó lè ṣọ́ agbo lè pa agbo jẹ pẹ̀lú. Ọwọ́ ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló kù sí.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò sá fún irú àwòrán báyìí. Nígbà tí Jékọ́bù ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 49), ó fi Júdà wé kìnnìún, Náfítálì wé abo àgbọ̀nrín, Bẹ́ńjámínì wé ìkookò. Nínú Esekíẹ́lì 17, idì ńlá méjì dúró fún ọba Bábílónì àti ọba Íjíbítì. Àgbò Dáníẹ́lì 8 ni Mídíà àti Páṣíà, òbúkọ rẹ̀ sì ni Gíríìkì.

Dáníẹ́lì 7 ló yẹ kí a dúró lé jù lọ. Wòlíì náà rí kìnnìún, béárì, ẹkùn àti ẹranko kẹrin tó ní ehín irin. Ìjọba mẹ́rin ni wọ́n, jíjẹ àti títẹ̀mọ́lẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn wọn ni ẹnìkan dé, tó dà bí ọmọ ènìyàn, òun ni a sì fún ní ìjọba tí kì yóò parun. Bákan náà ni Ìfihàn 5: a kéde Kìnnìún ẹ̀yà Júdà fún Jòhánù, ṣùgbọ́n nígbà tó wò, Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí a ti pa ló rí. Ọlọ́run kò kórìíra agbára. Ohun tí alágbára fi agbára ṣe ni Ó ń bi í léèrè.

Jótámù náà kìlọ̀ fún àwọn ará Ṣékémù (Àwọn Onídàájọ́ 9). Ólífì, ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà kò fẹ́ fi èso wọn sílẹ̀ láti jọba lórí igi yòókù. Igi ẹ̀gún tí kò ní èso ló gbà. Bí àwọn eléso inú ìjọ bá ń sá fún iṣẹ́ ìlú, a mọ ẹni tí yóò gba ipò náà.

Ǹjẹ́ ìbọ̀rìṣà ni?

Ejò idẹ fi ìdáhùn hàn wá. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí Mósè ṣe é (Númérì 21), ẹni tó bá sì wò ó yè. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i, Hesekáyà ọba sì fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18). Ejò kan náà ni. Ọkàn àwọn tó ń wò ó ló yí padà. Nítorí náà, ẹni tó dúró nílẹ̀ nígbà tí a bá gbé àsíá sókè kò bọ òrìṣà, ó ń fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí (Róòmù 13:7). Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jalè, tó ń tẹ aláìní mọ́lẹ̀, tó sì ń ní ìlú kò gbọdọ̀ bi òun léèrè nítorí idì tó wà lẹ́yìn àga òun, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sọ àmì di Nehuṣitánì.

Kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa, ní Ìkòrò-Èkìtì àti níbi gbogbo, kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ àmì wọ̀nyí. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ẹni tó bá di ipò mú láàárín wa bá ń rìn nínú òtítọ́, ọmọ tó ń wo àwòrán ẹṣin yóò mọ ohun tí à ń pè ní iyì. Kí Olúwa sọ agbára orílẹ̀-èdè wa di ààbò fún aláìlágbára, kí Ó sì so ìṣọ̀kan wa ró nínú Krístì. Àmín.