Ohun Tí Ó Ń Jí Iyè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ni ó rí ekòló, ẹsẹ̀ ni ó sá. Láàárín ojú àti ẹsẹ̀, ẹni náà kò jókòó láti ro oko tí ejò ti bù ú jẹ àti ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ti kọjá lọ ni ó dìde fúnra rẹ̀, tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ayọ̀. Òórùn epo tí ó ń gbóná nínú agbada alákàrà lè bá àgbàlagbà kan ní ìlú òkèèrè, kí ó sì sọ ọ́ di ọmọ ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn òpìtàn máa ń ka iye ìlú tí ogun fọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì máa ń ka iye ọkọ̀ tí ó kó ẹrú kúrò ní etíkun. Wọn kì í sábà bèèrè ohun tí ojú, etí, imú àti awọ ara àwọn tí a kó lọ gbà sílẹ̀, tàbí ohun tí ó ń mú un padà wá sí iyè wọn. Ìbéèrè yìí sì ṣe pàtàkì, nítorí pé nígbà tí a bá gba ilé, ẹbí àti orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn, ìwọ̀nba nǹkan ni ó kù tí ó lè fi mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀rí kan tí ó ṣe kedere lórí ọ̀rọ̀ yìí ni lẹ́tà gígùn tí Samuel Àjàyí Crowther kọ sí ẹgbẹ́ C.M.S. ní ọdún 1837. Ó ti tó ọdún 16 nígbà náà tí a ti kó o ní Òṣogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, nígbà tí ó wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún 13. Nígbà tí ó dé orí òwúrọ̀ ọjọ́ náà nínú lẹ́tà, ojú ọjọ́ ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, kì í ṣe ogun. Ó ní òwúrọ̀ náà dára, ó sì tura. Oníkálukú wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń pèsè lọ́wọ́ nílé wọn nígbà tí ariwo ta, ní nǹkan bí agogo 9, pé ọ̀tá dé. Ó rántí àwọn obìnrin tí wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ mìíràn rọ̀ mọ́ wọn lápá, tí igbó ẹlẹ́gùn-ún ń fa ẹrù orí wọn bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń sá. Ó rántí ìgbà ìkẹyìn tí ó fi ojú kan bàbá rẹ̀: ìgbà tí bàbá náà ti ojú ìjà wá láti ṣe àmì fún wọn pé kí wọ́n sá.

Ọjọ́ kan náà yìí ni Crowther pè ní ọjọ́ ìbànújẹ́, tí ó sì tún pè ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ sí ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀sìn ni ó fi bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Èrò yẹn kò tọ̀nà tán. Ẹni tí ó bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní í rántí ẹ̀gún.

Ìrántí ti awọ ara ni èyí tí ó tún le jù. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n fi í ra tábà àti ọtí, títí ó fi dé Èkó. Níbẹ̀ ni a ti fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan kọjá nínú irin ọrùn àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin, tí a sì fi àgádágodo tì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn ọmọ ni ìyà náà pọ̀ fún jù. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà bá bínú, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ sùn, tí wọ́n sì fa ẹ̀wọ̀n náà mọ́ra kí ó lè fúyẹ́ lọ́rùn tiwọn, ọrùn àwọn ọmọ ni ó ń bó. Ọkùnrin tí ó ti di olùkọ́ ní Sierra Leone ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọdé ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Àwọn 187 ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà ti dé inú ọkọ̀ ogun, ẹ̀rù bà wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n rí ẹran funfun kan tí a so kọ́, wọ́n sì rí nǹkan roboto roboto tí a tò sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ara ènìyàn ni ẹran náà, pé orí àwọn tí a ti pa jẹ sì ni ìyókù. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran ọ̀hún, ọta ìbọn àgbá sì ni àwọn nǹkan roboto náà. Ní ìlú tiwọn, iná ni a fi ń sun irun ara ẹlẹ́dẹ̀. Wọn kò rí èyí tí awọ rẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò rẹ̀ tí ó là sí méjì, ni ọkàn wọn tó rọlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú wọn ti rí láti Òṣogùn dé Èkó ni ó ń bá wọn túmọ̀ ohun tí ó wà níwájú wọn.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní ti sọ díẹ̀ nínú bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1971, John O'Keefe fi hàn ní London pé nínú ọpọlọ eku, àwọn èérún kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ojú ibi kan pàtó ni wọ́n ń ta kìjí; ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2014. Apá ọpọlọ tí àwọn èérún náà wà ni ó tún ń bá ènìyàn tọ́jú ìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà, ibi àti ìṣẹ̀lẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan ni. Ní ti òórùn, ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ní láti kọ́kọ́ gba ibùdó kan kọjá nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n òórùn ń gba ọ̀nà àbùjá lọ sí ìtòsí ibi tí ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ara ti máa ń yá tàbí kí ó bù máṣọ kí ẹni náà tó mọ ohun tí òun gbóòórùn.

Kò sí eku nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Yorùbá ní Freetown, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ibi náà ni. Ní nǹkan bí ọdún 1839, àwọn oníṣòwò kan nínú wọn ra ọkọ̀ tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì tukọ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láti ṣòwò. Bí wọ́n ti dé Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n mọ̀ pé etíkun tí a ti kó àwọn lọ nìyí. Kò sí ìwé àwòrán ilẹ̀ tí ó sọ fún wọn. Ìròyìn náà padà dé Freetown, ó sì gba ìgboro kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1839, Thomas Will àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà pé kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí Àgbádárìgì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ibi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n jù láyé ni ojú wọn fi mọ ọ̀nà ilé.

Crowther fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó sì dé Abẹ́òkúta ní àárín ọdún 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ wá a wá. Ó tó nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Ìyá náà gbọ̀n; ojú rẹ̀ kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, omijé sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti gbẹ. Ọmọ tí ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní èwe ti di àlùfáà tí ó wọ aṣọ òyìnbó, tí ó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ kan, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi máa ń pè é ní kékeré. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rántí wọn dáadáa.

Kò to àwọn orúkọ náà sínú ìwé, ó sì yẹ kí a yẹ́ ẹ sí fún ìyẹn. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London ni. Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá ni. Gbogbo ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ ìkẹ́ ìyá àgbà, inú ilé kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo ayé. Oníjìbìtì kò lè mọ̀ ọ́n. Ojú lè ṣiyèméjì lẹ́yìn ọdún 25, etí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀mí kan náà tí ohùn yẹn fi mú ayọ̀ wá ni ó fi mú ikú wá, nítorí pé ìyá àgbà tí ó ni àwọn orúkọ náà ti kú sí oko ẹrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀kan yóò gbọ́ èkejì.

Ìlú tí wọ́n ti pàdé pàápàá, orí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ ọ lé. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, wọ́n kó orúkọ àwọn ìlú wọn tí ó ti tú dání: Aké, Kéésì, Ìporò, Ìjẹùn, Ìkìjà. Òwu tẹ̀ lé wọn ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Aláàfin Àtìbà ṣe bákan náà nígbà tí ó sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ kò ṣeé rù, orúkọ ṣeé rù.

Ní etíkun, wọ́n máa ń fi kànga kan han àlejò ní ìhà Gbẹ̀rẹ̀fù ní Àgbádárìgì, pé ẹrú tí ó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Ní Ouidah, igi ni wọ́n sọ pé a ń mú wọn yí po. Àwọn òpìtàn kan ń ṣiyèméjì nípa ìtàn igi náà, ìdí sì wà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òtítọ́, omi kò ṣiṣẹ́, igi kò sì ṣiṣẹ́. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àkàrà tí a fi epo pupa dín kò kúrò ní ìgboro títí di òní. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí ọwọ́ ìjọba le mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1835, tí púpọ̀ nínú wọn padà sí Èkó, ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó ya àwọn tí ó gbà pé ilé kan ṣoṣo ni ènìyàn ń ní lẹ́nu. Ní Pópó Àgùdà, wọ́n kọ́ ilé bí ti Bahia, ọjọ́ Ẹtì kí Àjíǹde tó dé sì ń bọ̀, wọn a se ẹ̀wà, wọn a pò ó mọ́ oje àgbọn, wọn a sì fi ẹja jẹ ẹ́. Frejon ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ wọn sì ń sè é síbẹ̀. Àwọn tí epo pupa ti pa lẹ́kún ilé rí ní òkè òkun ni wọ́n wá ń fi òórùn oje àgbọn rántí ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣẹrú.

Crowther náà padà sí Èkó láti gbé, ìlú tí ẹ̀wọ̀n ti bó o lọ́rùn ní ọmọdé. Ibẹ̀ ni ó ti kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 1891, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni a sì sin ín sí. Nínú àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wó itẹ́ òkú náà. A wú òkú rẹ̀, a sì tún un sin sí Kàtídírà ní Marina, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyókù tí wọ́n jọ sùn níbẹ̀ kò ní ojú oórì tí ọmọ wọn lè dúró tì mọ́.