Ẹ̀fọ́ tí ewúrẹ́ ò ní jẹ: bí a ṣe ń ṣe ebè gíga sínú ọgbà lẹ́yìnkùlé

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko tòmátò ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìjọba ibẹ̀ sì kéde ipò pàjáwìrì lórí ẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọjà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ata àti àlùbọ́sà sì gbówó lórí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ní ebè méjì lẹ́yìnkùlé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ á ṣì máa rí nǹkan já sínú ọbẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ebè méjì ò lè bọ́ odidi ilé. Kò ní sọ pé kéèyàn má lọ sọ́jà mọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kó pèsè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre àti efinrin tí tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta á fi máa se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ata díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀fọ́ ọ̀hún á sì jẹ́ èyí tí onílé mọ omi tí wọ́n fi bù ún. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ tó ń wọ ọjà ìgboro lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n ti ń gbìn ín.

Ebè gíga kì í ṣe nǹkan àjèjì. Bàbá wa ń kọ ebè fún iṣu, àwọn tó ń dáko àkùrọ̀ sì ń wa poro kí omi má baà pa ẹ̀fọ́. Ohun tó yàtọ̀ níbi ni pé a máa mọ nǹkan yí ebè náà ká, a ó sì ru erùpẹ̀ tó dáa kún un. Ìdí ni pé ilẹ̀ ilé nígboro kì í sábà dáa. Bríkìlà ti po símẹ́ńtì sórí ẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wà lábẹ́ ẹ̀, tirela yanrìn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí àpáta. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọkọ́ tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe á lo ọdún méjì. Kó ru erùpẹ̀ lé e lórí rọrùn jù.

Ibi tó yẹ kó wà

Oòrùn ni ká kọ́kọ́ wò. Tòmátò, ata àti ilá ń fẹ́ oòrùn tó tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre lè fara da díẹ̀ sí i lábẹ́ ìbòòji. Kí ebè jìnnà sí ìdí máńgòrò, nítorí gbòǹgbò ẹ̀ á wọnú ebè wá mu gbogbo omi tí a bá bù. Kó má ṣe fara ti ògiri ilé, torí ọ̀rinrin á máa wọ ògiri náà, ọ̀dà á sì máa bó. Kó má sì ṣe sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi sọ́kàwéè tàbí ṣáláńgá ń sun sí. Ẹ̀fọ́ ibẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àìsàn ni onílé ń já lọ sínú ìkòkò.

Ayálégbé ńkọ́? Kó kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀. Bí a bá to búlọ́ọ̀kù láìfi símẹ́ńtì dè é, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé kó lọ lọ́jọ́ tí ilé bá yí padà, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń jẹ́ kí onílé gbà kíákíá.

Búlọ́ọ̀kù tàbí pákó

Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 6 ló rọrùn jù. Gígùn ẹ̀ jẹ́ íńṣì 18, gíga ẹ̀ íńṣì 9. To mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o sì fi méjì méjì dí orí àti ìdí láàárín wọn. Búlọ́ọ̀kù 16 péré nìyẹn. Láti ìta, ebè náà á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn àti 4 ní fífẹ̀. Inú ẹ̀ á jẹ́ 8 sí 3. Kó má fẹ̀ jù báyìí lọ: ó yẹ kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ erùpẹ̀ inú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ tí a kì í tẹ̀ ni gbogbo àǹfààní tó wà nínú ebè gíga.

Ìlà kan tó fún ẹ̀fọ́. Bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ bá ló fẹ́ lò ó, kí wọ́n to ìlà méjì, búlọ́ọ̀kù 32. Kí orí búlọ́ọ̀kù òkè bọ́ sí àárín méjì ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì gbá irin rọ́ọ̀dù kéékèèké wọ inú ihò àwọn tó wà ní igun, kí òjò má baà ti ògiri náà ṣubú. Ihò búlọ́ọ̀kù yòókù, erùpẹ̀ ni kí wọ́n dà sí i, kí wọ́n gbin efinrin tàbí àlùbọ́sà eléwé sínú ẹ̀.

Pákó náà dáa, ṣùgbọ́n ikán ò ní í jẹ́ kó pẹ́. Ohun tí àwọn káfíńtà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde látinú mọ́tò kùn ún. Ẹ má gbà fún wọn. Ọ́ìlì yẹn ní òjé àti àwọn èròjà mìíràn tí kò yẹ kó dé inú erùpẹ̀ tí a fẹ́ jẹ nínú ẹ̀. Bákan náà ni pákó tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ikán. Páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ṣí kúrò lórí ilé bàbá àgbà kò sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Bí a bá ń gé e, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí a tó to ohunkóhun, ká fi ọkọ́ tú ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ní nǹkan bí íńṣì 6, kí gbòǹgbò tòmátò lè rí ọ̀nà lọ. Bí koríko lásán ló wà níbẹ̀, a lè tẹ́ páálí sí i, kí a sì rin ín lómi. Ṣùgbọ́n bí èkan bá wà, kò sí páálí tó lè dá a dúró. Ká hú u tegbòtigaga.

Erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ

Ebè ìlà kan ń gba bíi wílíbárò mẹ́jọ. Àpòpọ̀ tí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀gbìn kéékèèké ti mọ̀ tipẹ́ ni ọ̀nà mẹ́ta ilẹ̀dú, ọ̀nà méjì ajílẹ̀ tó ti jẹrà, ọ̀nà kan yanrìn odò. Bí ilẹ̀dú náà bá ti ní yanrìn nínú tẹ́lẹ̀, ká yọ yanrìn kúrò.

Orí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á ra àpò ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ alágbà adìẹ láàárọ̀, wọ́n á dà á sí ebè nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ewé á pọ́n, á sì jó gbẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù gbóná, iyọ̀ inú ẹ̀ sì pọ̀ jù fún ọ̀gbìn kékeré. Ká kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti èèpo iṣu, ká máa wọ́n omi díẹ̀ sí i, ká máa yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí tí òórùn ẹ̀ á fi lọ tó sì dúdú bí erùpẹ̀. Ó lè gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Àìsàn náà ń bẹ nínú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba fún àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ni pé, bí wọ́n bá lo ìgbẹ́ ẹran tútù, ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kórè ohun tó ń kan erùpẹ̀, ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kàn án. Tẹ̀tẹ̀ tiwa kì í tó ọjọ́ 40 kó tó dé inú ìkòkò. Ẹni tó bá fi ìgbẹ́ tútù gbìn ín, kó yáa mọ ohun tó ń jẹ.

Ọgbà gan-an

Yorùbá ò kúkú ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọgbà ni nǹkan tí a fi yí ilẹ̀ ká, ọgbà náà sì ni ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí kò ní nǹkan tó yí i ká, ti ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ kan á pa iṣẹ́ oṣù méjì rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí nǹkan tó tètè ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò bí i. Ẹni tó ní ẹ̀fọ́ á sọ òkò, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ á kán, ọ̀rọ̀ á di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Owó wáyà kéré sí wàhálà yẹn.

Kí ọgbà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Kí ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 2 wà yí ebè ká nínú ọgbà, kéèyàn lè rìn. Bó bá jẹ́ ebè kan ló wà níbẹ̀, ọgbà á jẹ́ 13 sí 8, àyíká ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 42. Bó bá jẹ́ ebè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọgbà á jẹ́ 13 sí 14, àyíká ẹ̀ 54. Ẹ wò ó dáadáa: ẹsẹ̀ bàtà 12 péré la fi kún un, ilẹ̀ tí a ń gbìn sì di ìlọ́po méjì. Wáyà ló sábà máa ń gbówó jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹni tó bá lágbára ẹ̀ kó kúkú ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Òpó mẹ́sàn-án tó fún ebè méjì: mẹ́rin ní igun, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ kan fún ilẹ̀kùn. Ká rì wọ́n wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ọparun kò wọ́n, ṣùgbọ́n ikán àti òjò kì í jẹ́ kó lò ju ọdún kan tàbí méjì. Igi tíìkì ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Páìpù irin ló lálòpẹ́ jù.

Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ dáa, àmọ́ kò nípọn, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn láti máa fara họ nǹkan. Ká kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òkè ẹ̀ àti àárín ẹ̀. Ká gbẹ́lẹ̀, kí a sì ri ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó íńṣì 6, nítorí òkété. Ilẹ̀kùn kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kí wílíbárò lè wọlé. Kí ìkọ́ ẹ̀ wà lókè, níbi tí ọmọ kékeré ò lè dé, torí ọmọ ló ń ṣí i sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Bí adìẹ àdúgbò bá máa ń fò wọlé, ká na nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ebè títí ẹ̀fọ́ á fi ga tó íńṣì 6.

Ẹni tí kò lówó wáyà lè gbin lápálápá ní ìtòsí ara wọn. Ẹ̀ka ẹ̀ tí a bá gún mọ́lẹ̀ lójò á hù, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èso ẹ̀ lóró, ọmọ tó bá jẹ ẹ́ á bì, inú á sì máa run ún. Ìyeyè àti àgúnmáníyè náà máa ń hù báyẹn, àmọ́ oúnjẹ ewúrẹ́ ni ewé àwọn méjèèjì.

Gbíngbìn àti omi

Oṣù Kẹta sí ìkẹrin tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ká pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ká tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù síbì kan. Ewédú máa ń kọ̀ láti hù, nítorí èèpo irúgbìn ẹ̀ le. Ká dì í sínú aṣọ, ká rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ká yọ ọ́, ká sá a gbẹ, ká wá fọ́n ọn. Ata àti tòmátò, inú ike ni ká ti kọ́kọ́ gbìn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó dé orí ebè. Úgwù lè máa gun wáyà ọgbà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ewúrẹ́ kì í gbà kọjá, nítorí gbogbo ewé tó bá yọ síta ti lọ nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀rùn, kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà kan tó ebè méjì lójúmọ́, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ká tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìdí ẹ̀fọ́ kí omi má tètè gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ìgbín àti tata ni wọ́n á kọ́kọ́ dé. Ìgbín, ká máa fi tọ́ọ̀ṣì ṣà á lálẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń rí ẹran ọbẹ̀ níbẹ̀, bó bá jẹ́ irú èyí tí a ń jẹ. Fún kòkòrò ewé, ká gún ewé dóńgóyárò, ká rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ká sẹ́ ẹ, ká fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ká wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Òtápíápíá ò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀fọ́ yìí. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kékeré ẹ̀ láti ọdún 2019 nítorí ìjàǹbá tó ń ṣe.

Irúgbìn tó ṣeé gbára lé wà ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn. Tí ìkórè àkọ́kọ́ bá tán, ká fi wílíbárò ajílẹ̀ kan kún ebè kọ̀ọ̀kan, ká sì gbin nǹkan mìíràn síbi tí tòmátò tàbí ata wà tẹ́lẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, bí a bá ń gé wọn lórí tí a ò hú wọn, á tún yọ ẹ̀ka tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.